Ìwé Ara Ògiri Tó Ti Gbó: Bí A Ṣe Lè Tún Yàrá Ṣe Láìfọwọ́ Kan Owó Ọjà

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà, ṣùgbọ́n owó ọjà ni yóò gbà là. Lílẹ ìwé mọ́ ògiri yàrá ti di àṣà nílé púpọ̀, pàápàá láàrin ìlú ńlá. Nígbà tó bá wà ní tuntun, a máa dán gbinrin. Bí ọdún díẹ̀ bá ti kọjá, igun rẹ̀ á ṣí, ojú ibi tí ìwé méjì ti pàdé á là, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Nígbà náà ni ẹlòmíràn á gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, á ní ọjà lòun fẹ́ rà, bẹ́ẹ̀ ògiri ló fẹ́ tún lẹ̀. Ẹ̀yáwó tí a fi ra ọjà, ọjà ni yóò san án. Èyí tí a fi lẹ ògiri ńkọ́? Ògiri kì í pa owó wọlé.

A ò ní kí ọmọ ẹgbẹ́ máa sùn nínú yàrá tó rí jákujàku o. Ohun tí a ń wí ni pé iṣẹ́ yìí kò tó ohun tí à ń yáwó sí, bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

1. Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀

Bí omi bá wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, tí a kàn kun ọ̀dà lé e, owó wa á bómi lọ. Ẹ wo òrùlé bóyá ó ń jò. Ẹ wò ó bóyá páìpù ilé ìwẹ̀ ń jò lẹ́yìn ògiri náà. Ẹ jáde síta, kí ẹ wò ó bóyá omi ìdọ̀tí ń dúró sí ìdí ilé.

Bí ẹ kò bá rí ìdí rẹ̀, ẹ dán èyí wò. Ẹ ṣí ìwé kúrò níbì kan, kí ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé ìròyìn, kí ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì. Bí omi bá sẹ̀ sí inú, lápá ọ̀dọ̀ ògiri, a jẹ́ pé inú ògiri ni ọ̀rinrin ti ń wá. Bíríkìlà ló kàn, kì í ṣe ọlọ́dà. Bó bá jẹ́ pé ojú tó kọ sí yàrá ló tutù, afẹ́fẹ́ ni kò tó. Ẹ máa ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri díẹ̀.

2. Bí a ṣe ń bó ìwé náà

Ẹ kó ẹrù jáde, ẹ tẹ́ àpò sílẹ̀, kí ẹ sì pa iná mànàmáná yàrá náà, nítorí omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí ìwé náà bá ní awọ rọ́bà lójú, ẹ bó awọ náà ní gbígbẹ ná, torí kì í jẹ́ kí omi wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ po omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́ ọṣẹ díẹ̀, ẹ fi kànrìnkànrìn pa á sára rẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ wá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ àwọn ọlọ́dà ṣí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má fi agbára họ ọ́, kí sìmẹ́ńtì ògiri má baà bá a ṣí.

Èyí tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́yìn kì í gbọ́ ti omi bọ̀rọ̀. Ẹ yá ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun, kí ẹ fi mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó fà á, nígbà tí ògiri ṣì gbẹ. Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ gọ́ọ̀mù nínú yàrá. Iná lè gbà á.

Bí ìwé bá kúrò tán, iṣẹ́ ò tíì parí. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gọ́ọ̀mù tó kù títí ògiri kò fi ní yọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kí ẹ sì fi omi lásán ṣan án. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò nìyí, òun ló sì ń mú kí ọ̀dà bó bí awọ ejò.

Bí ìwé náà bá ṣì lẹ̀ dáadáa, tó jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣá, ẹ lè má bó o. Ẹ lẹ igun tó ṣí padà, kí ẹ fi ọ̀dà olóròóró ìpìlẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀kan, torí ọ̀dà olómi lè mú kí ìwé wú. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní kọ̀rọ̀.

3. Ẹ ṣọ́ ìlera

Bí ohun dúdú bá hù lẹ́yìn ìwé bí èbu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ fi ife bílíìṣì kan nínú ife omi 10 fọ̀ ọ́. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn tí a fi ń fọ ṣáláńgá tàbí oògùn ìfọlé mìíràn. Èéfín májèlé ló ń jáde níbẹ̀.

Nílé àtijọ́, ọ̀dà tó wà lábẹ́ ìwé lè ní òjé nínú. Eruku òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má fi sáńpépà họ irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ rin ín lómi, ẹ fi àkísà tútù nu eruku, kí ọmọdé àti aboyún má sì sí nítòsí.

4. Ìṣirò ọ̀dà

Ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ dénú. Ẹ dí ojú ibi tó sán, ẹ fi sáńpépà dán an, ẹ nu eruku rẹ̀, kí ẹ tó kùn ún lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà ṣírò fún yín. Ẹ mú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 480. Ilẹ̀kùn kan (7 sí 3) àti fèrèsé méjì (4 sí 4) kó 53. Ó ku 427, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 40. Lórí ògiri tó dán, lítà ọ̀dà olómi kan a máa kun bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, lítà 4 ni fún kíkùn àkọ́kọ́, lítà 4 fún èkejì: àpapọ̀ rẹ̀ lítà 8. Agolo lítà 4 méjì ti tó. Ògiri tí kò dán á mu jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Kí wá ni ẹnì kan ṣoṣo ń fi garawa lítà 20 ṣe? Bí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá da owó pọ̀ ra garawa kan, yàrá méjèèjì á gba lítà 16, á sì ku 4 fún ibi tó bá mu jù. Báyìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: ní ọdún 1844, àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da owó jọ láti máa ra ìyẹ̀fun, ṣúgà àti bọ́tà pọ̀. Ohun tó ṣeé ṣe lórí ìyẹ̀fun ṣeé ṣe lórí ọ̀dà.

Ìbéèrè fún ìpàdé

(i) Ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin ẹ̀yáwó tó ń pa owó wọlé àti èyí tó ń jẹ owó?
(ii) Lítà ọ̀dà mélòó ni yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, gíga 9, tó ní ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì bí ti òkè yìí, máa gbà?
(iii) Ta ni nínú wa tó fẹ́ kun yàrá kí ọdún tó parí? Kí wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé ọjà.