Ọta Àkọ́kọ́ Ni Kí O Kọ́

Ladjifarani, Parakou

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́. O ní àwọn ará abúlé tí ẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ti gbà ọ́ sínú ẹgbẹ́ ọdẹ wọn, o sì fẹ́ ra ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta. O ṣeun tí o kọ́kọ́ bi mí. Nígbà tí mo fi ń ṣáájú àwọn ọdẹ òyìnbó nínú igbó Pendjari, kò sí irú ìbọn tí n kò rí lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìwà ẹni tó gbé ìbọn ni mo máa ń wò jù.

Mo rí i pé ẹni tí ọta rẹ̀ bá pọ̀ kì í fẹ́ dúró. Bí àkọ́kọ́ bá tàsé, èkejì àti ẹ̀kẹta á ti tẹ̀lé e kó tó mọ ibi tí ẹran yà sí. Ẹfọ̀n tó bá fara gbọta lọ́nà báyìí á wọ inú koríko gíga, àwa tí à ń tọ ipa ẹ̀jẹ̀ la ó sì lọ bá a níbẹ̀. Àwọn ọdẹ tiwa tó ń lo ṣakabùlà, ọta kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọn kì í yìn ín àfi bí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn wọ́n.

Nítorí náà, bí o bá máa gbọ́ tèmi, ìbọn tí à ń fọwọ́ fa irin rẹ̀ kí ọta mìíràn tó wọlé ni kí o kọ́kọ́ rà. Fi ṣọdẹ fún ọdún kan tàbí méjì. Bí ọkàn rẹ kò bá wá kúrò lára èyí tí o sọ, bí a ṣe ń yàn án nìyí.

Òfin ló ṣáájú. Bí o kò bá tíì gba ìwé àṣẹ ọdẹ, permis de chasser, tí à ń ṣe ìdánwò rẹ̀ lọ́dọ̀ Office français de la biodiversité, má tilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta, tí òfin Faransé fi sí ìsọ̀rí C fún ọdẹ, kò gbọdọ̀ gbà ju ọta mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, àpò ọta rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ṣeé yọ. Ẹni tó bá fẹ́ ta òmíràn fún ọ lábẹ́lẹ̀, sá fún un.

Nínú irú ìbọn yìí, Browning BAR, tó jáde lọ́dún 1967, jẹ́ ìbọn gidi. Èéfín gbígbóná tí ẹ̀tù ọta bá tú ló ń ti irin rẹ̀ sẹ́yìn, tó ń ju èèpo ọta dànù, tí òmíràn fi ń wọlé. Èéfín yẹn ń fi èérí sílẹ̀. Bí o kò bá ń tú ìbọn náà kí o sì nù ún, ọjọ́ tí o nílò rẹ̀ gan-an ni yóò há. Ní ti ọta, .308 Winchester tàbí .30-06 tó fún ohun tí ẹ ń lé. .300 Winchester Magnum á máa gbá ọ léjìká, ẹni tí ìbọn bá sì ń gbá á bẹ̀rẹ̀ sí í dijú kó tó fà á. Nínú ṣọ́ọ̀bù, di ojú rẹ, gbé ìbọn tí kò ní ọta sí èjìká, kí o wá lajú. Bí ojú rẹ bá bọ́ sórí ibi ìfojúsùn láì na ọrùn, ìwọ̀n rẹ ni.

Ewu rẹ̀ ni pé bí o bá yìn ín tán, òmíràn ti wà nínú ọ̀pá. Bí o bá parí ọdẹ, kọ́kọ́ kó ọta inú àpò rẹ̀ kúrò, fa irin sẹ́yìn kí ti inú ọ̀pá bọ́ sílẹ̀, fojú wo inú rẹ̀, kí o tún ti ìka bọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá tò láti dènà ẹran, ka ìṣísẹ̀ márùn-ún sí ọ̀dọ̀ ẹnìkejì rẹ, kí o wá ka mẹ́ta síwájú. Ìlà láti ibi tí o dúró sí dé ibẹ̀ ni ààlà igun 30° tí o kò gbọdọ̀ yìnbọn kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ṣe é lọ́tùn-ún àti lósì. Má sì gbàgbé pé ní December 2020, ní agbègbè Lot nílẹ̀ Faransé, ọ̀dọ́kùnrin kan ń la igi lẹ́bàá ilé rẹ̀. Ọdẹ kan rò pé ẹlẹ́dẹ̀ igbó ni, ó sì yìnbọn pa á. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó náà ni wọ́n sábà ń lé níbẹ̀, o sì mọ̀ pé, Mùsùlùmí tí a jẹ́, kì í wọ ìkòkò ilé wa. Bí wọ́n bá pín tìrẹ fún ọ, fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Má gbé ìbọn wálé, má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní June 2006 ti de ọ̀rọ̀ gbígbé ìbọn káàkiri. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn sì ti ń kọlu Alibori àti Atacora ní àríwá Benin níbí, ẹni tí àwọn agbófinró bá rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, wọn kì í bi í bóyá ọdẹ ni. Ti ìbọn rẹ mọ́ inú àpótí irin, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má dé ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ, kí o sì wá kí wa lọ́wọ́ òfo.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ.

Èmi àbúrò bàbá rẹ