Ẹni Tó Lé Eku Méjì Nínú Oṣù Kejìlá

Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo. Ta ni a fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún? Ohun tí ojú mi rí ló jẹ mí lógún, ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn kí ilé ìwé tó padé fún Kérésìmesì, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ àbúrò mi ló ṣe àgùntàn nínú eré ìbí Jésù, mo sì ti tètè lọ gba àga níwájú.

Ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn olùṣọ́-àgùntàn, kò lè ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ọmọ tiwa ni. Mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ bàbá rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu abọ́ ni wọ́n fi bò ó lórí, wọ́n wá fi okùn bàtà so ó yí ká. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo ọmọ jòjòló inú ibùjẹ ẹran, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni òun ń wò ní tirẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, kò kúnlẹ̀. Ó na ọrùn, ó ń wo ojú àwọn òbí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí olùkọ́ fi fà á lápá aṣọ. Nígbà tó kàn án láti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi ń kọ́ ọ láti oṣù Kọkànlá, ẹnu rẹ̀ wọhò. Áńgẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló bá a sọ ọ́. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ dé nígbà tí a ti ń to àga mọ́ ògiri. Iṣẹ́ kíà ló ń ṣe, ó ti ṣọ́ arúgbó mọ́jú, ó sùn díẹ̀ láàárọ̀, ó wá ní kí òun sáré ya Rye Lane ní Peckham lọ gba léèsì àti gèlè ayẹyẹ ọjọ́ Sátidé, kí òun tó kọjá sí ilé ìwé. Bọ́ọ̀sì wá bọ́ sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó. Ṣé wọ́n ti parí ni?"

Mo ní wọ́n ti parí. Léèsì náà, aláwọ̀ ewé, yọ etí jáde nínú ọ̀rá tó gbé dání.

Inú bí mi. N ò bínú sí iṣẹ́ o. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ní ìlú yẹn, onílé á tì í síta. Léèsì yẹn gan-an ni mo ń bínú sí.

Àwọn tó wà nílé lè rò pé oṣù Kejìlá nìkan ni wàhálà ọdún. Nílùú Ọba, ìgbà ìwọ́wé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwé á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, kí oṣù náà sì tó parí, ikun imú ti gba gbogbo ilé kan. Bí oṣù Kẹwàá bá dé, ilé ìwé á ní kí ọmọ gbé oúnjẹ inú agolo wá fún ìkórè; ṣọ́ọ̀ṣì náà á ṣe ìkórè tirẹ̀, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́. Oṣù yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tí Akyaaba Addai-Sebo, ọmọ Gánà, ṣagbátẹrù rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1987. Ohun iyì ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ lẹ́tà tó ń wá sílé ni pé kí ọmọ wọ àǹkárá, kí ìyá rẹ̀ sì bá wọn se ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù díẹ̀ wá. Díẹ̀, fún ọgbọ̀n ọmọ! Lẹ́yìn ìyẹn ni ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan láàárín táàmù, tí bàbá àti ìyá á máa wo ojú ara wọn pé ta ni yóò tọrọ ààyè níbi iṣẹ́.

Ọjọ́ 31 oṣù náà ni ọjọ́ Halloween, tí àwọn ọmọdé ń gbé ìbòjú iwin kiri ẹnu ilẹ̀kùn gba súìtì. Ìjà ńlá ni nínú ilé Yorùbá: pásítọ̀ ní ẹ má dán an wò, ọmọ ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe é. Ọjọ́ yẹn kan náà sì ni ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn òbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti fi fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ girama ránṣẹ́ fún ọmọ tó bá wà ní kíláàsì kẹfà. Mo mọ ilé tí wọ́n ti bá iwin jà títí ilẹ̀ fi ṣú, tí fọ́ọ̀mù kò lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn nínú oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Láti ìgbà náà, òkùnkùn á ti máa pàdé ọmọ lójú ọ̀nà ilé. Nígbà tó bá fi di àárín oṣù Kejìlá, oòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò mọ aago. Ó rí òkùnkùn, ó gbà pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ wá wọ́ ọ lọ sí gbọ̀ngàn àríyá ní aago mẹ́jọ alẹ́, ẹ ń bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún.

Iná ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá, tí wọ́n fi ń rántí àwọn tó fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1605, mi ò ní wí ohunkóhun sí i. Èèyàn lè jókòó sídìí fèrèsé wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ àwọn tó kù náà ń rọ́ dé: fọ́ọ̀mù àjẹsára ọ̀fìnkìn, tí wọ́n ń fín sí ọmọdé nímú, èyí tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n ń wọ aṣọ alámì tó-tò-tó láti fi dá owó jọ fún àwọn ọmọ aláìní, ọjọ́ sùwẹ́tà Kérésìmesì, àkàrà òyìnbó tí wọ́n fẹ́ tà, súìtì fún gbogbo kíláàsì. Àwọn Yorùbá náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ìsọmọlórúkọ, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, ìdúpẹ́ òkú tí wọ́n ti sin nílé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń sún sí oṣù Kejìlá, kálukú pẹ̀lú aṣọ ẹbí tirẹ̀.

Èyí tó wá wọ́n jù nínú gbogbo eku yìí ni ìrìn àjò ilé. Owó ọkọ̀ òfuurufú sí Èkó á ti fò sókè, àwọn òbí á wá ní kí àwọn yọ ọmọ kúrò nílé ìwé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kí wọ́n lè rí ti owó pọ́ọ́kú rà. Ìjọba ti dí ọ̀nà yẹn. Láti oṣù Kẹjọ 2024, bí ọmọ bá pa ilé ìwé jẹ fún ọjọ́ márùn-ún láìgba àṣẹ, wọ́n lè bu owó ìtanràn £80 lé bàbá, £80 lé ìyá, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá san án láàárín ọjọ́ 21, ó di £160. Òbí méjì, ọmọ mẹ́ta: £480, ẹ ò tíì gbé àpótí. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ sì yọ ọmọ yẹn, ọ̀sẹ̀ eré ni. Ọmọ tó ti há gbólóhùn rẹ̀ sórí, ẹlòmíràn ni wọ́n máa gbé e fún.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ìyá àgbà rí ọmọ, oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ. Kì í ṣe pé owó ọkọ̀ rọ̀ nígbà yẹn o, àmọ́ ara ìyá àgbà rọ̀. Á rí ààyè gbé ọmọ jókòó, á fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, á kì í ní oríkì rẹ̀. Nínú oṣù Kejìlá, láti abẹ́ gèlè ló ti máa ń wo ọmọ náà fìrí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ eré yìí, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn òbí wa ń sọ pé eré ọmọdé lásán ni. Eré tí kì í sábà pé wákàtí kan! Àgùntàn á máa tọwọ́ bọ imú, amòye kan á jẹ́ kí wúrà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, á yí gbirigbiri lọ sábẹ́ pèpéle, Màríà á gbé ọmọ dání ní ẹsẹ̀ kan. Mi ò mọ ohun tó dùn wò tó o láyé. Ẹni tó ní òun kò ráyè fún ìyẹn, ẹ lọ wò ó ní Sátidé: á jókòó láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀gànjọ́ níbi ọjọ́ ìbí ẹni tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, á sì ra aṣọ tí kò ní wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọlọ́jọ́ ìbí náà kò ní mọ̀ bóyá ó wá tàbí kò wá, bí kò ṣe nínú ìwé owó aṣọ ẹbí. Olùṣọ́-àgùntàn mọ̀.

Nítorí náà, ẹ yọ̀ǹda àwọn eku kan. Àríyá kan ṣoṣo tó fún oṣù Kejìlá nínú ilé tí ọmọ kékeré bá wà. Èyí tó kù, ẹ pe àwọn tó ń ṣe é lórí fóònù, ẹ kí wọn kú oríire, ẹ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má ra aṣọ. Ẹni tó bá torí ẹ̀ bá yín bínú, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà ni, tàbí ó ti gbàgbé. Ẹ lẹ kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo mọ́ ara fíríìjì, kí ti ilé ìwé, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ibi iṣẹ́ jọ wà lórí rẹ̀. Inú oṣù Kẹwàá ni kí ẹ ti tọrọ ọjọ́ eré lọ́wọ́ ọ̀gá. Ẹni tó bá dúró di oṣù Kejìlá á bá a pé àwọn tó gbọ́n jù ú ti gbà á tán. Tí iṣẹ́ bá sì bọ́ sí ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, ẹ rántí pé kò sí bọ́ọ̀sì, kò sí ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ náà, ẹ wá ẹni tí yóò fi ọkọ̀ gbé yín, kí ẹ sì pa adìyẹ yín ní ọjọ́ kejì. Inú ọmọdé kì í bàjẹ́ sí Kérésìmesì ọjọ́ 26, bí ẹran bá ti pọ̀.

Ìsìn ìkọjá ọdún nìkan ni mi ò ní bá yín du. Kò sí ilé ìwé lọ́jọ́ kejì; ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn sórí àga bí àwa náà ṣe sùn.

Àmọ́ bí mo ṣe ń rò ó síwájú, òwe yìí fúnra rẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Nílé, tí ọdún bá dé, eku tí ìyá wa ń lé kì í ṣe méjì. Wọ́n ń ta ọjà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24, wọ́n ń din ẹran, wọ́n ń di irun fún ọmọbìnrin mẹ́ta, wọ́n sì ń lọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kò sí èyí tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí wọn kò dá a lé. Ìyá àgbà ló ń wẹ ọmọ. Bọ̀ọ̀dá kan tí a kò mọ bó ṣe jẹ́ sí wa gan-an ló ń pa adìyẹ. Àwa ọmọ la ń gbé ìrẹsì tí wọ́n fi abọ́ dé lọ fún àwọn ará ilé kejì, tó fi mọ́ àwọn Mùsùlùmí tó fún wa ní ẹran lọ́jọ́ Iléyá. Ẹni tó pa òwe yìí ka iye eku, kò ka iye ọdẹ. Ọdẹ kan ló lé eku méjì tó pòfo. Ọdẹ mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí eku mẹ́fà jáde!

Ìdí nìyí tí léèsì aláwọ̀ ewé yẹn kò fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, nígbà tí mo gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ náà. Bàbá ọmọ náà wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Alẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ilé wọn kò sì jìnnà sí ilé ìwé, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá rẹ̀ ní òun á lọ ni." Ó sì sọ ọ́ bí ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá. Gbogbo lẹ́tà ilé ìwé, ìyá ló ń kà á. Gbogbo súìtì, ìyá. Àríyá Sátidé yẹn gan-an, ẹ̀gbọ́n ọkọ ni olóríire, ìyàwó kò sì gbọ́dọ̀ má ra aṣọ ẹbí. Eku tí obìnrin yẹn ń lé kì í tiẹ̀ ṣe tirẹ̀.

Obìnrin tó ń dá ọmọ tọ́ náà lè yá ọdẹ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ń fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì, wọn kì í sì í bèèrè bóyá ìyá ọmọ lẹ jẹ́ tàbí àǹtí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bẹ̀ wá, a ó wá. Àwa tí ọmọ wa ti dàgbà, a ò ní iṣẹ́ méjì lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́dẹ́sìdé.

Ẹ̀yin bàbá sì rèé: lẹ́tà ọjọ́ eré ọmọ yín wà nínú báàgì tó gbé tilé ìwé dé. Ẹ má dúró de ìyàwó. Ẹ lọ ṣí i lálẹ́ òní.