Àpótí Ìmọ̀: Mọ́tò Ń Kùn, Géètì Ò Mira

Tí ẹ bá tẹ rìmóòtù lẹ́nu géètì ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tí géètì onímọ́tò náà kò mira, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí i. Bó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, ẹ wò bóyá iná wà, bóyá fíúsì ti jó, tàbí bátìrì rìmóòtù ló ti kú.

Bó bá ń kùn lásán, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Mọ́tò tó ń lo iná NEPA tààrà, 230 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Bí iná bá ń ṣe bàìbàì, agbára rẹ̀ kò ní ká géètì onírin. Bí iná bá dáa, kápásítọ̀ ni kí ẹ fura sí, torí òun ló ń fún mọ́tò lágbára láti gbéra. Èyí tó ti bàjẹ́ sábà máa ń wú. Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa súìṣì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún oníṣẹ́ iná.

Láti mọ̀ bóyá géètì fúnra rẹ̀ ló há, ẹ pa iná, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tó wà fún títú mọ́tò sílẹ̀ tú u kúrò lára géètì, kí ẹ sì fọwọ́ ti géètì náà. Bó bá ṣì le, ẹ yẹ ojú irin tó ń gbà wò: iyanrìn tí àgbàrá kó wá lè ti há a.