Kúẹ́rì: Ìbáwí Orí Ìwé

Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí: QUERY. Àwa a máa pè é ní kúẹ́rì. Lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè lásán ni. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, "béèrè" náà ló sì túmọ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ́fíìsì Nàìjíríà, ìbéèrè yìí ti di ìbáwí. Ẹni tó bá ní, "Ọ̀gá fún mi ní kúẹ́rì," ẹ ó rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Bí ọ̀gá bá jágbe mọ́ yín, ariwo ẹnu nìyẹn. Tó bá dọ̀la, ó lè gbàgbé. Kúẹ́rì ò rí bẹ́ẹ̀. Inú fáìlì yín ló ń wọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ti Ìṣẹ̀rí-Olófin lọ síṣẹ́ ní Ìkẹjà, ẹ gbọ́ o. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè mú yín pẹ́, kí kúẹ́rì sì dé. Ẹ má kàn ká a sápò. Ẹ wo ìgbà tí wọ́n ní kí ẹ fèsì. Nígbà mìíràn, wákàtí 24 péré ni. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n lè sọ pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ní ṣókí, láìbú ẹnikẹ́ni. Kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsù. Ẹ fi gbólóhùn mẹ́ta péré fèsì sí kúẹ́rì yìí: "Kí ló dé tí ẹ kò fi tètè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"