Àjọkẹ́, Gbé Fóònù Yẹn Sílẹ̀ Ká Wòran

Àjọkẹ́, jókòó síbí kí n bá ọ wí. Má wojú ìyá rẹ, kò lè gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi lónìí. Àbúrò mi ni, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, bí mo bá sì ń bá ọmọ rẹ̀ wí, á fún mi láyè. Ọ̀rọ̀ eré olórin tó o mú mi lọ wò l'Ékòó ló wà lọ́kàn mi látìgbà tí mo ti padà sí Òdòdé-Ìdànrè. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Mo mọ̀ pé owó gidi lo fi ra tìkẹ́ẹ̀tì yẹn. O rà á torí o mọ̀ pé kò sóhun tí mo fẹ́ràn tó kí òṣèré máa kọrin lórí ìtàgé kí ìlù sì máa dá a lóhùn. Ọlọ́run á máa pèsè fún ọ. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń sanwó eré tán tí kò ní wo eré? Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ká tó wọlé. O jókòó tán, o yọ fóònù, o nà án sókè, o wá ń wo àwọn tó wà níwájú rẹ gan-an nínú gíláàsì kékeré. Nígbà tó ku orin ìkẹyìn, o fà mí láṣọ, o ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ má bàa ká wa mọ́ orí afárá." Àjọkẹ́! Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwòran bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìyá rẹ.

O ní a ò pàdánù nǹkan kan bá a ṣe pẹ́ dé, pé ijó lásán ni wọ́n ń jó níbẹ̀rẹ̀. Ijó lásán kẹ̀! Láyé àwọn òṣèré alárìnjó àtijọ́, ìjúbà ni wọ́n fi ń ṣíde. Wọ́n á kọ́kọ́ júbà Ẹlẹ́dàá, wọ́n á júbà àwọn àgbà àti onílẹ̀, kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ ijó kankan. Nígbà tó kan Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ̀ṣà, tó kúrò nídìí iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1945 torí eré ṣíṣe, ó sọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn di orin àti ijó tí gbogbo ẹgbẹ́ jọ ń ṣe. Àwọn obìnrin á tò lẹ́sẹẹsẹ nínú aṣọ kan náà, saksofóònù á máa ké, ara gbogbo gbọ̀ngàn á yá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bí ẹni kíni káàárọ̀ ni. Bí àgbà bá kí ọ, ṣé o máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán sínú afẹ́fẹ́ kó o tó yọjú? Ohun tó o ṣe fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ yẹn nìyẹn.

Ní Òdòdé níbí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àtọ̀sán la ti máa ń mọ̀ pé eré wà lálẹ́. Bọ́ọ̀sì àwọn òṣèré á máa yí ìlú ká, gbohùngbohùn lórí rẹ̀, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e títí dé ọ̀nà Aládé. Ìgbà tí wọ́n bá ti ta kòkó tán ni wọ́n sábà máa ń wá. Wọ́n mọ ìgbà tówó wà lọ́wọ́ àgbẹ̀! Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kálukú á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lé orí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ pẹ́, torí iwájú ni gbogbo wa ń dù. Tí wọ́n bá wá gbé orin ìbẹ̀rẹ̀ sókè, tí gbogbo èrò gbè é, òkè tó yí wa ká yìí á gba orin náà, á sì dá a padà. Àwọn òṣèré tí kò wá sí Ìdànrè rí á dúró, wọ́n á máa wo ara wọn, kí wọ́n tó tún gbé e sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé inú wọn dùn pé wọ́n wá.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ nìyẹn. Eré orí ìtàgé kì í ṣe ohun tí wọ́n ti sè kalẹ̀ tí wọ́n kàn ń bù fún ọ. Ìwọ tó o jókòó wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bó o bá rẹ́rìn-ín, òṣèré á fi kún un. Bó o bá dákẹ́ bí ẹni pé kò kàn ọ́, ọkàn rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì. Kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1826, nígbà tí òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n ṣe eré eégún fún un níwájú ọba. Ẹ̀fẹ̀ òyìnbó wà nínú ohun tí wọ́n ṣe lójú ẹ̀: ẹni funfun kan jáde, ó ń rìn gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí, ó ń fín áṣáà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé àwọn tó ń wòran ń yíjú sí àwọn àlejò, wọ́n ń bi wọ́n bóyá eré náà ò dára. Ṣó o rí i? Àwọn òǹwòran Ọ̀yọ́ ò jẹ́ kí àlejò pàápàá jókòó bí igi. Àwa ọmọ wọn ló wá ń jókòó bí igi!

Ó kan ọ̀rọ̀ fóònù. Máa gbọ́, má dá mi lóhùn síbẹ̀. O ní nítorí kó o lè tún un wò lẹ́yìn náà ni. Ṣó o ti tún un wò? Mo mọ̀ pé o ò tíì wò ó. Ìròyìn ò tó àfojúbà, Àjọkẹ́, àwòrán inú fóònù ò sì ju ìròyìn lọ.

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn, mo rí Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀ lórí Ṣàngó, kí òun fúnra rẹ̀ tó kú ní 1978. Mo ti gbọ́ ìtàn Ṣàngó lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó débẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn jagunjagun rẹ̀ méjì, Gbọ̀nkáà àti Tìmì Ọlọ́fà Iná, máa jà l'Ẹ́dẹ, mo mọ ẹni tó máa borí. Síbẹ̀, nígbà tí Gbọ̀nkáà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọfọ̀ tí oorun ń kun Tìmì, èmi gan-an di apá àga mú. Ibi tí mo jókòó sí, mo ń rí onílù dáadáa. Kò wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò wo ìlù. Ẹsẹ̀ Gbọ̀nkáà ló tẹjú mọ́. Bí Gbọ̀nkáà bá gbé ẹsẹ̀ dúró sókè, ìlù á dúró dè é. Bó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohùn ìlù á bá a wọlẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn hó, onílù gbójú sókè wò wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì fi oríkì lé oríkì, torí a ti fi hàn án pé a fẹ́ sí i. Ká ní a dákẹ́ ni, ì bá ti kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ jáde ní Ṣàngó, iná ń yọ lẹ́nu ẹ̀, ìyá àgbà kan lẹ́yìn mi sì dìde, ó ń ké "Kábíyèsí!" bí ẹni tó wà láàfin. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Fóònù wo ló máa gbé ìyẹn fún ọ?

Ṣó o mọ ibi tí Ládiípọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀? Olùkọ́ ni, ọmọ Òṣogbo. Ní 1961, ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó ìlù wa wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì dìjà, torí àwọn àgbà ìjọ ò fẹ́ ìlù abọ̀rìṣà nílé Ọlọ́run. Kò bínú gbé iṣẹ́ tì. Ó gbé orin rẹ̀ jáde lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa gbọ́ ọ, wọ́n dá ilé àṣà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ l'Óṣogbo ní 1962, nígbà tó sì pé ọdún kan ni wọ́n fi Ọba Kò So ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Ní 1964, eré náà dé Berlin ní Jámánì, ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kankan ló jókòó tì í. Ìwọ tó o gbọ́ gbogbo ẹ̀, ìwọ lò ń wá ibi tó o ti máa fi ìmọ́lẹ̀ fóònù kún un.

Dídìde tó o ní ká dìde kó tó parí ló wá dùn mí jù. Àjọkẹ́, lágbo eré tiwa, èrò ni owó oṣù òṣèré. Owó ẹnu ọ̀nà ni Ògúndé ń jẹ. Ní 1964, nígbà tó ṣe eré Yorùbá Ronú, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rí i pé àwọn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí, wọ́n sì fòfin dè é pé kò gbọ́dọ̀ ṣeré ní gbogbo ẹkùn wa mọ́. Ó di 1966, tí ìjọba ológun dé, kí òfin náà tó kúrò. Rò ó wò: òṣèré tí wọ́n tilẹ̀kùn ìlú ẹ̀ mọ́ lójú. Ohun tó mú un dúró ni pé àwọn èèyàn níbòmíì ń wá, wọ́n ń jókòó, wọ́n sì ń sanwó. Kọ́lá Ògúnmọ̀lá ńkọ́, olùkọ́ tí wọ́n bí l'Ókèmẹ̀sí, tó sọ ìwé Amos Tutùọlá di orin àti ijó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, eré tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀mùtí? Ó kú ní 1973, síbẹ̀ àwọn tó rí i ṣì ń fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n àti sinimá dé. Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe fíìmù Aiyé ní 1979. Ìgbà tí fídíò wá gbòde, tí epo ọkọ̀ sì wọ́n, tí ìrìn òru di ohun ẹ̀rù, bọ́ọ̀sì àwọn òṣèré ò yí Òdòdé ká mọ́. Ó pẹ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí inú mi fi dùn sí àwọn ọmọ tó tún gbé e dìde l'Ékòó nìyẹn. Ní 2013, eré olórin Saro àti Kakadu jáde, Wakaa tẹ̀ lé e, ó sì dé London ní 2016, kí wọ́n tó wá ṣe ti Fẹlá àtàwọn ìyàwó ẹ̀, tí ti Mọrèmi náà sì dé. Àwọn ará New York ti ṣáájú fi Fẹlá ṣe eré olórin ní 2009, wọ́n sì gbé e wá s'Ékòó ní 2011. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ìlù bá bọ́ síta, èdè wa ló ń sọ. Àwọn ọmọ yẹn ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ìdánrawò kí wọ́n tó jáde fún wákàtí díẹ̀. Orin ìkẹyìn ni wọ́n fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ibẹ̀ náà lo sì ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. O sá fún ìdúpẹ́ nítorí ọkọ̀! Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ọkùnrin tó bá wa lọ ló mú mi pinnu pé n ó bá ọ sọ ọ́. Láàárín eré, ó fẹnu kàn mí létí, ó ní, "Màmá àgbà, ṣé wọn ò lè dá a dúró ná kí n lọ tọ̀?" Mo mú un jáde, a sáré padà. Nígbà tó rí i pé wọ́n ti ń bá eré lọ láìdúró dè é, ojú ẹ̀ là, kò sì wojú síbòmíì mọ́. Ọmọ yẹn ti mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wà níwájú òun. Má fi fóònù rẹ gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Máa tètè jáde nílé, kó o bá orin ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá di pé kí wọ́n gbè, gbè é, bóhùn rẹ ò tiẹ̀ dára. Nígbà ọdún Orósùn nílé níbí, kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ bóyá ohùn rẹ dáa kó o tó bá wa kọrin, kí ló wá dé l'Ékòó? Má dúró de eré olówó ńlá nìkan. Bí àwọn ọmọ iléèwé bá ń ṣeré ìparí ọdún, lọ jókòó tì wọ́n. Bí eré bá wà l'Ákùúrẹ́, ní gbọ̀ngàn àṣà Adégbẹ́milé, fi tó mi létí, mo súnmọ́ ibẹ̀ jù ọ́ lọ, n ó bá yín níwájú ẹnu ọ̀nà. Owó tìkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ dọwọ́ mi, má jiyàn. Tìẹ ni kó o pa fóònù, kó o sì jókòó títí wọ́n á fi kọrin ìkẹyìn tán, kó o dìde, kó o pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ṣó o gbọ́? Dá mi lóhùn kí n gbọ́, kí ìyá rẹ náà lè gbọ́.