Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: Ẹ Má Dúró Dìgbà Tójú Bá Ń Dùn Yín

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ojú. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà l'àwa ọlọ́jà fi ń ṣọ́ owó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú àfi t'ójú bá ń dùn wá. Bẹ́ẹ̀, àìsàn kan wà tó ń fọ́ni lójú tí kì í sábà dunni rárá. Glaucoma ni wọ́n ń pè é. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú ni kì í ráyè ṣàn jáde dáadáa. Agbára rẹ̀ á máa tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á máa kú díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Nígbà tí iwájú ṣì mọ́lẹ̀, onítọ̀hún ò ní fura. Ìríran tó bá ti lọ kì í padà mọ́. Èyí tó kù ni oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè bá wa dáàbò bò.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn ojú, ohun tí wọ́n máa ń ṣe nìyí:

1. Wọ́n á bi yín bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí ti fọ́jú rí.

2. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ ka lẹ́tà ara pátákó, ojú kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ò kàwé, kó má bẹ̀rù. Pátákó mìíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ ó fi júwe ibi tí àmì kọjú sí.

3. Wọ́n á wọn agbára omi inú ẹyinjú. Ẹ̀rọ kan á fẹ́ atẹ́gùn sójú fìrì. Òmíràn á fara kan ojú, ṣùgbọ́n wọ́n á ti kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó dùn yín.

4. Wọ́n lè kán oògùn tó ń mú kí dúdú àárín ẹyinjú fẹ̀, kí wọ́n lè fi iná wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú á ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, oòrùn á sì máa ta á. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ má sì padà sídìí àtẹ lọ ka owó lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ti lé ní 40 ọdún, tó ń na ìwé jìnnà kó tó lè kà á, ọjọ́ orí ló sábà máa ń fa ìyẹn. Jígí ojú á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má ra jígí lọ́wọ́ oníkiri kẹ́ ẹ sọ pé ó ti parí. Jígí lè jẹ́ kẹ́ ẹ rí nọ́ńbà ara owó; kò lè sọ fún yín bóyá glaucoma ti wọlé. Oògùn ojú tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀, ẹ má kán an. Òmíràn nínú wọn, b'éèyàn bá ń lò ó pẹ́, ó lè fa glaucoma fúnra rẹ̀.

Ẹni tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá ní i, kó tètè lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó máa lọ lọ́dọọdún. Ẹni tí wọ́n bá fún ní oògùn, kó má dá a dúró nítorí pé kò dùn ún. Ẹ̀ka ojú wà ní UCH n'Íbàdàn, ní LUTH n'Ídí-Àràbà, àti ní Tíṣìn Ilé-Ifẹ̀. Nínú oṣù Kẹta, lọ́sẹ̀ tí gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ glaucoma, àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fetí sí rédíò.

Ìlera l'oògùn ọrọ̀. Ojú wa ò ní fọ́ o.