Kí Ẹ Tó Kọ̀wé CT Gbogbo Ara

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ pàjáwìrì ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá gbé ọlọ́kadà tí tírélà gbá lójú ọ̀nà Ṣàgámù dé, ẹ má tíì mú ìwé CT. Ṣé ó ń mí? Níbo ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀?

Mi ò bá CT jà. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè fi ẹ̀jẹ̀ inú agbárí, ẹ̀dọ̀ tó fàya àti eegun ọrùn tó ṣẹ́ hàn yín. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí REACT-2 tó jáde lọ́dún 2016, láti Netherlands àti Switzerland, wọ́n fi CT ya gbogbo ara àwọn kan lára àwọn tó fara pa lójú ẹsẹ̀. Àwọn yòókù kọ́kọ́ ṣe X-ray àti síkáànì inú, wọ́n wá ya CT ibi tó bá yẹ. Ìpín 16 nínú 100 ló kú sílé ìwòsàn níhà méjèèjì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, kí la fẹ́ sọ nípa ẹni tó máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá kó tó dé ìdí ẹ̀rọ?

Ẹ la ọ̀nà èémí, ẹ dáàbò bo ọrùn, ẹ tẹ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń tú. Bí ẹ bá fura pé eegun ìbàdí ti ṣẹ́, ẹ má mì í wò. Ẹ fi aṣọ ibùsùn dì í pinpin níbi tí itan ti so mọ́ ìbàdí. Ikùn ni ọ̀pọ̀ ń dì, kò sì wúlò. Ẹ fún un ní tranexamic acid, gíráàmù kan láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn aláìsàn Nàìjíríà wà lára àwọn tó lé ní 20,000 tí ìwádìí CRASH-2, tó jáde lọ́dún 2010, fi yẹ oògùn yìí wò. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti kọjá látìgbà tó ti fara pa, ẹ fi sílẹ̀, torí ó lè ṣe ìpalára.

Bí síkáànì inú bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, tí BP ń já wálẹ̀, tíátà ló kàn. Ẹ jẹ́ kí owó tí ẹbí ń sáré kó jọ kọ́kọ́ ra ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀, tí nǹkan tó gbá a le gan-an, tí kò sì lè sọ ibi tó ń dùn ún, òun ni CT gbogbo ara tọ́ sí. Ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ fẹ́ gbé e lọ ya CT ṣáájú: ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́? Iná wà? Oníṣẹ́ abẹ wà nílé? Bí kò bá sí oníṣẹ́ abẹ, ẹ wá ibòmíràn. Kí nọ́ọ̀sì bá a lọ pẹ̀lú ọ́síjìn, kí ẹ sì kọ aago tí ẹ fún un lóògùn sórí ìwé rẹ̀ gàdàgbà.